Ọkọ̀ Tí Omi Ń Tù Lára

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí obìnrin ṣe ń ga láìwọ bàtà onígíga, kó lọ wo Olútóyìn lórí Alákàn. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan ni Alákàn. Kò ní òrùlé, kò ní ìlẹ̀kùn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ bí ọ̀kadà, táyà rẹ̀ sì tóbi débi pé o máa rò pé wọ́n yá a lára ọkọ̀ mìíràn ni. Àwọn obìnrin elépo Ajue ló dáwó jọ rà á, àwọn náà ló sì sọ ọ́ ní Alákàn nítorí bó ṣe máa ń rá pálá gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Kó tó dé, orí ni wọ́n fi ń ru ẹyìn láti oko wá sí ibi tí wọ́n ti ń fún epo. Ọrùn àwọn mìíràn nínú wọn ti wọlé tán, àwọn ọmọ wọn sì rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn.

Tóyìn nìkan ló lè wà á nínú wọn. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ọ̀kadà kó tó kú, àwọn ẹbí ọkọ sì fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún púpọ̀, wọ́n ní obìnrin tó ń la ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà ò lè gbé ọkọ pẹ́. Àfìgbà tí Alákàn dé. Wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó so ó mọ́ okùn, ó fi kọ́ ọrùn, opó tí wọn kì í fẹ́ dá lóhùn wá di ẹni tí wọ́n ń dúró dè lójú ọ̀nà oko. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tó kù fún un ju orí rẹ̀ àti òṣùká lọ. Òun alára mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo Ajue náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òun ló sì yan irú ọkọ̀ tí wọ́n máa rà. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí Ore, àwọn mẹ́ta ni wọ́n lọ: Tóyìn, Ìyá Lọ́pẹ́ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, àti Magdalene. Ọ̀rẹ́ Tóyìn láti kékeré ni Magdalene. Odò kan náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún wọn, ọdún kan náà ni wọ́n relé ọkọ, ìgbà tí ọkọ Tóyìn sì kú, orí ẹní Magdalene ló sùn títí ó fi lè dá sùn. Magdalene ti wá di Ìyá Àdúrà ní ilé àdúrà wọn, ẹni tí Wòlíì fún láṣẹ láti máa po omi ìyàsímímọ́ fún àwọn aláìsàn, tí ìran rẹ̀ kì í sì í jábọ́ sílẹ̀.

Gàzálì, ọkùnrin kan tó ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì ń tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, gbé méjì kalẹ̀ fún wọn.

"Èyí, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù," ó ní, ó fọwọ́ kan àwọn irin pẹlẹbẹ tó tò yí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ká. "Bó bá ṣe ń sáré ni afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ sí i lára, ooru á sì máa lọ. Kò ní rédíétọ̀, kò ní omi, kò sí ohun tí igi máa gún tó máa jò. Ìkejì yìí, omi ló ń yí kiri nínú ẹ̀. Omi yẹn á gbé ooru wá síwájú níbí, fáànù á fẹ́ ẹ, á tún padà wọlé. Ẹrù tó bá wúwo, òkè, ọ̀nà tí èèyàn ò ti lè sáré, èyí ló dáa fún un. Àmọ́ ó fẹ́ ìtọ́jú o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ ó máa fọ ẹrẹ̀ kúrò lójú rédíétọ̀. Ẹ má bu omi kànga sí i, ẹ má bu omi odò sí i. Omi aláwọ̀ ewé inú kẹ́ẹ̀gì yìí nìkan ló gbọ́dọ̀ mu."

Ìyá Lọ́pẹ́ ní afẹ́fẹ́ lòun fẹ́. "Ohun tó bá ń mu omi, òǹgbẹ á gbẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan," ó ní. "Afẹ́fẹ́ Ọlọ́run kì í tán."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú kan ọ̀nà Araromi-Obu," Tóyìn dá a lóhùn. "Tí mo bá di ẹyìn kún ẹ̀yìn ẹ̀, tí mo ń wọ́ ọ lọ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹrẹ̀, níbo lafẹ́fẹ́ ti fẹ́ fẹ́ wá? Abẹ́ mi ló máa jóná sí."

Ìyá Lọ́pẹ́ bá yíjú sí Magdalene, nítorí ẹgbẹ́ yẹn kì í gbé ẹsẹ̀ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Magdalene pa ojú dé díẹ̀, ó là á, ó ní ọkàn òun balẹ̀ sí ohun tí Tóyìn sọ. Bí wọ́n ṣe ra olómi nìyẹn. Àwọn kan nílé ò yéé kùn, wọ́n ní Tóyìn ti lọ ra màlúù tó ń mumi fún àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, tí àwọn ọlọ́kadà ń ti ọ̀kadà wọn, tí Alákàn sì ń gun òkè tẹrùtẹrù bí ẹni ń lọ sí ìsìn, gbogbo wọn dákẹ́.

Ilé Magdalene ni wọ́n ń gbé e sùn, nítorí pé òun nìkan ló ní ọgbà tó ní géètì. Láràárọ̀ ni Tóyìn máa ń yọjú sí ike kékeré tó ń fi ìwọ̀n omi hàn, omi ọ̀hún kì í sì í dín. Inú rẹ̀ máa ń dùn. Ó tiẹ̀ fi yangàn fún Gàzálì lórí fóònù, ó ní, "Bàbá Ràhmọ̀t, ọkọ̀ yín ò mutí, kò mumi." Gàzálì rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tó dáa ni.

Òkè tó wà lẹ́yìn odò Araromi-Obu ni Alákàn kú sí. Ẹrù kún ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iná pupa kan tàn níwájú Tóyìn, kó sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, oru funfun ti bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó bẹ́ sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà hu bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan há lọ́nà ọ̀fun, ó pariwo gbì, ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí Tóyìn dúró bí igi kì í ṣe ariwo yẹn. Òórùn ni. Oru tó ń jáde lára ọkọ̀ náà ń rùn bíi ṣúgà tó jóná, ó sì ń ta sánsán lọ́fínńdà.

"Lọ́fínńdà wo ló wọ inú ẹ́ńjìnnì?" ó bi ara rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn padà sí Ajue.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ẹyìn jẹrà sí oko. Àwọn obìnrin tún gbé òṣùká kà, ọ̀rọ̀ tó sì ń jáde lẹ́nu wọn kò ṣeé gbé síwájú ọmọdé. Wọ́n ní Tóyìn ló kó àwọn sí i. Wọ́n ní òun ló ní omi, omi, omi, ẹ wá wo ibi tí omi gbé e dé. Tóyìn bẹ ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n gbé Alákàn lọ sí Ore.

Gàzálì tú rédíétọ̀ náà, ó da orí rẹ̀ kodò. Omi kò jáde. Nǹkan dúdú kan tó ń fà bí ọ̀dà ló rọra ń yọ́ bọ̀, ibi tó sì ti gbẹ lára irin, ìpẹ́ funfun ti jẹ ẹ́ wọnú. Ó fi ìka kan án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo Tóyìn.

"Ìyá Ṣèyí, ta ló ń se ọbẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì?"

"Kí ni ẹ rí?"

"Oyin ni o. Oyin àti iyọ̀. Oyin ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà, iyọ̀ ti jẹ irin. Ẹ wo bó ṣe nípọn. Kì í ṣe ìgbà kan ni wọ́n bù ú sí i, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bù ú. Omi ò lè yí mọ́, ló ṣe jóná. Ká ní ẹ fi í sílẹ̀ bí mo ṣe fún yín ni, ọkọ̀ yìí ì bá máa lọ títí."

Tóyìn jókòó sórí táyà kan tó wà nílẹ̀. Omi, oyin, iyọ̀, lọ́fínńdà. Nínú ilé àdúrà wọn, ohun kan ṣoṣo ló ní àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí nínú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì ń pò ó. Ó ní kí Gàzálì jọ̀ọ́, kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ ọkọ̀ padà sílé, ilé Magdalene ló sì kọ́kọ́ yà.

Ká sọ òótọ́, Magdalene kò purọ́ fún un. Bó ṣe rí ojú Tóyìn lẹ́nu géètì ló ti kúnlẹ̀.

"Mo lá àlá ẹ, Tóyìn. Mo rí ẹ lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ẹ nìkan ló yọ síta. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbààwẹ̀ lé e lórí. Láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí o tó dé, mo máa ń ṣí ẹnu rédíétọ̀ ẹ̀, mo máa ń dín omi tó wà níbẹ̀ kù, mo máa ń bu omi mímọ́ sí i. Ó ní ẹnu. Mo rò pé ohun tó bá ti ní ẹnu, èèyàn lè fún un ní omi àdúrà mu. Ká ní alátẹ́gùn yẹn la rà ni, ara irin lásán ni mi ò bá wọ́n ọn sí."

Kí ni Tóyìn fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ó ti múra ìjà bọ̀ láti Ore, ìjà náà sì tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde. Ta tún ni yóò gbààwẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ láyé yìí?

"Ṣùgbọ́n o máa sọ fún wọn, Magi. Ìwọ ni wàá sọ ọ́."

"Màá sọ ọ́. Ní ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Lẹ́nu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ, Ọlọ́run gbọ́."

Nínú ilé àdúrà wọn, ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń jáde. Ẹni tó bá gba ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì sọ níwájú ìjọ, olófòófó ni wọ́n ń pè é, wọn kì í sì í gbàgbọ́. Tóyìn dì í mú bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di Àbámẹ́ta, wọ́n bú u lójú ọ̀nà odò, wọ́n bú u níbi tí wọ́n ti ń fún epo, ó pa ẹnu mọ́. Ìfẹ́ máa ń sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀, àwa tí a sì ń sọ bẹ́ẹ̀ yìí, bí ọ̀rẹ́ wa ni, a ò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ìyá Lọ́pẹ́ pe Wòlíì wá kó wá fi àdúrà ṣí ìpàdé. Tóyìn kò ro ìyẹn mọ́ ọn. Wòlíì gbàdúrà tán, ó jókòó, kò lọ. Ìyá Lọ́pẹ́ ní kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tó pa Alákàn sọ ọ́. Tóyìn wo Magdalene. Magdalene dìde, àágùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá," ó ní, "mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ nípa ọkọ̀ yìí."

Ọkàn Tóyìn balẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà nìyẹn tó mí dáadáa. Ṣùgbọ́n Magdalene gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Wòlíì. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ láti bu omi ìyàsímímọ́ sínú irin. Ẹni tó bá lo omi náà láìgbàṣẹ, wọ́n máa ń bọ́ àmùrè oyè lára rẹ̀ ni, á padà lọ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Magdalene pa ojú dé. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó lọgun, ó tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo wọn sì mọ̀ pé ìran ti dé.

"Mo rí iná! Mo rí iná lábẹ́ ọkọ̀ náà! Ọkọ̀ kọ́ ló ni iná náà, ọwọ́ tó ń wà á ni! Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ gbàdúrà fún un, kó má bàa jó gbogbo ilé!"

A ní kó kín wa lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. A ní kó fẹ́ wa lójú, ó fi ata sẹ́nu. Tóyìn kò kọ́kọ́ gbà pé òun ni wọ́n ń sọ. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì wà níbẹ̀ tó ń wa ọkọ̀. Ìgbà tó wá yé e, ó kígbe láìmọ̀ pé òun ti dìde.

"Magi! Kì í ṣe ohun tí a jọ sọ nìyẹn! Omi àdúrà ló ń bù sínú ẹ̀! Ó kúnlẹ̀ fún mi, ó jẹ́wọ́ fún mi! Omi yẹn ló ba ẹ́ńjìnnì jẹ́!"

Hòò ni gbogbo wọn ké. Ìyá kan dìde, ó gbé ọwọ́ lérí. "Omi mímọ́ ló ba nǹkan jẹ́? Omi tó gbé ọmọ mi dìde lórí ẹní? Ẹ gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀!"

"Ẹ pe Gàzálì!" Tóyìn ní. "Òun ló tú u!"

Wọ́n pè é lórí fóònù, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa gbọ́ ọ. Gàzálì kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sọ òtítọ́: oyin àti iyọ̀ lòun bá nínú rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ẹni náà ti ń bù ú sí i. Ìyá Lọ́pẹ́ mi orí. "Ta ló ń ṣí ọkọ̀ yẹn láràárọ̀?" ó béèrè. "Ta ló ń sọ kiri pé omi ẹ̀ kì í dín?" Gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ Tóyìn.

Wòlíì ló wá béèrè ohun kan tó yẹ ní bíbéèrè. Ó yíjú sí Magdalene, ó ní, "Ìyá Àdúrà, ṣé ẹ bu omi sí ọkọ̀ yìí?"

Ilẹ̀ ni Magdalene ń wò. "Rárá, Bàbá."

Tóyìn jókòó padà. Ó ti rí ọkọ rẹ̀ nínú pósí, omijé rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tó ti ìsinsìnyí. Ìyá Lọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló yọ okùn kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní Eli, ọlọ́kadà kan ní Ago Alaye, ni yóò máa bá àwọn wa èyí tí wọ́n bá tún rà. Wọ́n tún fi ohùn ṣọ̀kan pé alátẹ́gùn ni wọ́n máa rà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnìkan ní omi kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fún irin mu, gbogbo wọn sì ní òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Lọ́pẹ́ yọ́ wá bá a nílé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Tóyìn ọmọ mi," ó ní, "èmi náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè wà á bíi tìẹ. Ọjọ́bọ̀, wá sí ilé àdúrà. Jẹ́ kí Ìyá Àdúrà gbé ọwọ́ lé ẹ lórí. Bó bá ti lè sọ níwájú wa pé ọwọ́ ẹ mọ́, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tuntun kò ní dé ọ̀dọ̀ Eli mọ́, ìwọ ni màá fún. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ nìkan ló kù."

Tóyìn lọ. Kì í ṣe nítorí pé ó gbàgbọ́, ó lọ nítorí pé ọrùn ti ń dùn ún láti ọjọ́ tó ti padà gbé òṣùká, àti nítorí pé ibì kan nínú rẹ̀ ṣì ń retí Magi tó mọ̀. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin tí òun àti wọn jọ ń fún epo. Magdalene dé pẹ̀lú sùtánà funfun, àmùrè oyè rẹ̀ ń bẹ ní ìbàdí. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ àdúrà lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù ń pariwo tirẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Lábẹ́ ariwo náà ni Magdalene tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹnu sí etí rẹ̀.

"Dákun, dárí jì mí," ó ní. "Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é. Ìwọ kọ́. Ọwọ́ ẹ mọ́, Tóyìn, ọwọ́ ẹ mọ́." Omijé rẹ̀ ń kán sí ọrùn Tóyìn.

Tóyìn gbé ojú sókè wò ó. Kò bínú mọ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́.

"Sọ ọ́ sókè," ó ní. "Magi, mo bẹ̀ ẹ́, ohun tí o sọ yẹn náà. Sọ ọ́ sókè."

Magdalene nàró. Ó wo Ìyá Lọ́pẹ́ tó ti dákẹ́ àdúrà, tó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó wo Wòlíì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ké.

"Halelúyà!"

"Halelúyà!" gbogbo ilé dáhùn.